Ọjọ́ Tí Mo Gbé Kọ́kọ́rọ́ Ọ̀nà Rélùwéè Wálé

Èéfín kajú ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà. Ìyá mi ti gbé agbada àlòkù kaná lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń yan kajú, epo tó wà lára kóró rẹ̀ sì ń ta pàrà bó ti ń jó. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Òkè-Ògùn bíi tèmi, ẹ mọ irú èéfín yẹn. Ó máa ń ta ni lójú, ó máa ń wọnú aṣọ, ó sì máa ń bá ni dé kíláàsì. Yúnífọ́ọ̀mù tí mo ti fọ̀, tí mo ti lọ̀, tí mo gbé kọ́ sára ilẹ̀kùn láti àná ti gba òórùn rẹ̀ kí n tó wọ̀ ọ́. Mo bú sẹ́kún. Ìyá mi ní, "Kí ló tún dé, Síkírá? Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, o ti rí ohun tó bà ọ́ lẹ́rù."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ojo paraku ni mí nígbà èwe mi. Bí òjò bá ṣú, mo ti gbà pé páànù ilé wa ló fẹ́ ká lọ. Bí bàbá mi bá pẹ́ lóko, mo ti ń ro ejò. Bí wọ́n bá sì tètè dé, mo ti ń ro àìsàn. Ẹ̀gbọ́n mi Ràfíù máa ń sọ pé bí wọ́n bá fún mi ní ẹran jẹ, màá kọ́kọ́ bẹ̀rù eegun. Ọjọ́ Jímọ̀ yìí wá le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí ilé ìwé wa ń lọ ìrìn àjò, mi ò sì kúrò ní Ìwéré-Ilé láìsí àwọn òbí mi rí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ìwé kẹrin ni mo wà.

Hẹdimásítà wa ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ìlú kékeré kan wà lẹ́yìn Ìbàdàn tí rélùwéè gbà kọjá, pé àwọn ilé àtijọ́ wà níbẹ̀ tí àwọn ará ìlú ò jẹ́ kó wó, àti pé ó yẹ kí ọmọ tiwa náà fojú rí ohun tó ń kà nínú ìwé. Kò sí ìkankan nínú wa tó rí ojú irin rí. Ní tiwa, ọ̀nà pupa ni, ọ̀kadà ni, bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀ ni. Lórí ìlà ní ọjọ́ tó ṣáájú, Hẹdimásítà na pàṣán sókè, ó ní, "Ẹni tó bá mú ohunkóhun níbẹ̀, ì báà ṣe òkúta lásán, màá lé e lọ sílé. Mi ò kọ́ olè nílé ìwé mi." Bó ti ń sọ ọ́, èmi ló ń wò. Ó kéré tán, ó dá mi lójú nígbà náà pé èmi ló ń wò.

Ìyá mi ò bá mi sọ ti olè rárá. Ọ̀rọ̀ ìwà ni wọ́n ń bá mi sọ bí wọ́n ti ń di dùndú sínú ọ̀rá fún mi. "Bí àgbà bá na nǹkan sí ọ, kúnlẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni kó o fi gbà á. Má béèrè ohun tó jẹ́, má tú u wò níwájú rẹ̀, má sì nà án padà sí i. Dúpẹ́, kó o fi í pamọ́." Wọ́n nídìí tí wọ́n fi ń tẹnu mọ́ ọn. Nígbà Iléyá tó ṣáájú, ìyá àgbà kan ládùúgbò wa fún mi lẹ́ran, kìkì ọ̀rá. Mo wò ó, mo nà án padà sí wọn pé kí wọ́n bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Háà! Ariwo tí wọ́n fi bọnu, ará ọjà gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá mi fi lọ bẹ̀ wọ́n. Láti ọjọ́ náà, bí àgbà bá na ẹ̀yinná sí mi, mo rò pé màá gbà á, màá sì dúpẹ́.

Ìrìn náà jìn. Nígbà tí a fi máa dé, ẹsẹ̀ mi ti kú sínú bọ́ọ̀sì. Bàbá arúgbó kan ló jáde wá pàdé wa. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ rélùwéè títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ń gbé nínú ọ̀kan lára àwọn yàrá òṣìṣẹ́ àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Àwọn ará ìlú ló fi ibẹ̀ sí wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa mú àlejò yí ká. Fìlà dúdú ló wà lórí wọn, bọ́tìnnì idẹ tó wà láyà ẹ̀wù wọn ń kọ mànà. Bí gbogbo wa ṣe kí wọn, èmi nìkan ni mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ ta nìyí? Wọ́n kọ́ ọ nílé." Inú mi dùn títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ẹ̀rù.

Ilé ẹjọ́ àtijọ́ la kọ́kọ́ wọ̀. Ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn débi pé mo lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sójú fèrèsé rẹ̀ kí n sì sùn. Wọ́n fi yàrá kótópó kan hàn wá tí wọ́n máa ń ti àwọn èèyàn mọ́ kí wọ́n tó dá ẹjọ́ wọn. Gbogbo ọmọ ló sáré wọ ibẹ̀. Èmi dúró síta, mo di férémù ilẹ̀kùn mú kí ẹnikẹ́ni má baà tì í mọ́ wọn. Láti ibẹ̀ a lọ sí pẹ́tẹ́ẹ̀sì oníṣòwò kòkó kan, àkàbà pákó ló wà nínú rẹ̀, bí wọ́n ti ń gùn ún ló ń han. Mi ò gùn ún. Mo dúró nísàlẹ̀, mo ń ka àwọn tó gòkè, mo sì tún kà wọ́n nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Hẹdimásítà ní, "Síkírátù, ṣé ìwọ lo kọ́ ilé yìí ni?" Àwọn ọmọ fi mí rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó yá la dé ibùdókọ̀ ojú irin. Pèpéle gígùn kan ni, òrùlé rẹ̀ dúró lórí òpó irin, agogo ńlá kan rọ̀ níbẹ̀, ihò kékeré tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì sì wà lára ògiri. Mo wá rí irin méjì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n lọ títí ojú mi ò fi rí wọn mọ́. Koríko hù láàárín wọn dé orúnkún. Mo rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ta ni mo fẹ́ bi léèrè?

Bàbá náà kó wa wọ yàrá kan, wọ́n fi àpótí irin pupa kan hàn wá. Wọ́n ní, "Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láàárín ìlú yìí àti ìlú tó tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ tó ń lọ, ọkọ̀ tó ń bọ̀, orí irin kan náà ni. Wọn ò lè yà fún ara wọn bíi mọ́tò. Kí ni kì í jẹ́ kí wọ́n forí sọra?" Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. "Kọ́kọ́rọ́ ọ̀nà ni. Inú àpótí yìí ló ti ń jáde, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, orúkọ ìlú méjèèjì sì wà lára rẹ̀. Dírẹ́bà tí kò bá gbà á lọ́wọ́ wa, kò gbọdọ̀ wọ ojú ọ̀nà. Ọjọ́ tó bá lọ sọ nù, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí ọ̀nà kàn mọ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Gbàù!" Àwọn ọmọ pariwo, wọ́n ń fò sókè. Ọmọ kan béèrè ìgbà tí ọkọ̀ máa kọjá. Bàbá náà tún fìlà wọn ṣe, wọ́n ní, "Ọ̀la. Ọ̀la ni yóò kọjá, á sì kún fún èrò."

Nígbà tí a jáde sórí pèpéle, wọ́n ṣí àpótí pákó kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ohun èlò iṣẹ́ àtijọ́ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fi ṣeré. Ọ̀kan gba fèrè, ọ̀kan gba àsíá aláwọ̀ ewé, ọ̀kan gba àtùpà onígíláàsì pupa. Wọ́n pè mí. "Ìwọ ọmọ tó mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀, gbà." Ohun róbótó kan ni, idẹ ni, ó tóbi tó ìdérí agolo mílíìkì ńlá, ó sì wúwo. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mi ò wò ó. Mo tì í sísàlẹ̀ báàgì mi, mo fi ọ̀rá dùndú bò ó mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ mi.

Lẹ́yìn náà ni Hẹdimásítà ní ká máa múra. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á gbàgbé mi síbẹ̀. Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán mo ti sáré lọ sínú bọ́ọ̀sì, èmi nìkan, mo jókòó, mo gbé báàgì lé itan. Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń dá fèrè àti àsíá padà sínú àpótí.

A ti sún mọ́ Ìsẹ́yìn kí ebi tó pa mí. Mo ki ọwọ́ bọ báàgì, ọwọ́ mi kan idẹ náà, mo sì rò pé kò burú bí mo bá wò ó báyìí, bàbá náà ò sí nítòsí. Mo yọ ọ́. Wọ́n kọ̀wé sí i lára: orúkọ ìlú tí a ti ń bọ̀, ìlà kékeré kan, àti orúkọ ìlú tó tẹ̀ lé e. Ìlú méjì, ojú ọ̀nà kan. Ẹ gbà mí o! Mo ti gbé kọ́kọ́rọ́ ọ̀nà kúrò níbẹ̀, ọ̀la lọkọ̀ sì ń bọ̀.

Hẹdimásítà jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, pàṣán rẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀. Ó yẹ kí n pariwo. Mo ṣí ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, ohùn ò jáde. Mo ń ro bí yóò ṣe dúró sórí ìlà ní ọjọ́ Ajé, tí yóò ní, "Síkírátù, jáde síbí." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó, tí bọ́ọ̀sì ń gbé mi jìnnà sí àwọn èèyàn tí mo fẹ́ pa.

Nígbà tí mo délé, bàbá mi ti dé láti oko, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bọ́ bàtà òjò wọn. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá mi gbé ẹ̀bà síwájú mi, mi ò lè gbé òkèlè kan mì. Mo ní, "Bàbá, bí ọkọ̀ ojú irin bá fẹ́ kọjá, tí kò sí kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Á dúró síta kó máa kan ilẹ̀kùn." Ni mo bá bú sẹ́kún, mo fa báàgì sílẹ̀, mo yọ idẹ náà.

"Yéè! Mo gbé!" Ìyá mi lọgun. "Níbo lo ti rí i?"

"Bàbá yẹn ló fún mi, Ìyá. Mo kúnlẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á. Mi ò wò ó, mi ò nà án padà."

Ìyá mi jókòó pẹ̀lẹ́ sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní ká fi pamọ́ di ọjọ́ Ajé, ká rọra mú un lọ fún Hẹdimásítà nílé, kí wọ́n má baà máa pe ọmọ wọn lólè káàkiri ìlú. Mo kígbe pé, "Ọ̀la lọkọ̀ ń bọ̀! Wọ́n máa kú! Gbogbo wọn ló máa kú!" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ti àpótí pupa, ti ọ̀nà kan ṣoṣo, ti gbàù.

Bàbá mi gba idẹ náà, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Bàbá náà ní èrò máa wà nínú rẹ̀?"

"Wọ́n ní ó máa kún."

"Ó dáa. Lọ sùn. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, a ó gbéra."

Ìyá mi ní, "Ẹ̀yin Bàbá Ràfíù, ọ̀la lọjọ́ ọjà o! Àwọn oníkajú ń bọ̀ láti Ṣakí. Ta ló máa dá wọn lóhùn?"

"Ìwọ náà mọ kajú wọ̀n," ni bàbá mi wí, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Mi ò ní gbàgbé ìrìn ọjọ́ kejì yẹn láéláé. Bọ́ọ̀sì ò tètè kún. Dírẹ́bà dúró de obìnrin kan tó ní òun ń bọ̀, obìnrin náà lọ gbé adìẹ, ó tún padà lọ gbé korobá. Mo fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ kí n lọ tì í wá. A kọjá Òkèhò, táyà jò. Àwọn ọkùnrin sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń tú nọ́ọ̀tì, wọ́n ń ṣàwàdà. Bàbá mi jókòó sórí òkúta, wọ́n ń bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀ òjò. Mo bínú sí wọn. Mo dúró lójú ọ̀nà, oòrùn ń ta mí látàrí, gbogbo ohun tó bá sì dún lọ́ọ̀ọ́kán, mo rò pé ọkọ̀ ojú irin ni, èmi tí mi ò gbọ́ ìró rẹ̀ rí láyé mi. Mo ń rí àwọn èrò inú rẹ̀. Ìyá kan ń bó ẹ̀pà fún ọmọ rẹ̀. Bàbá kan ti sùn, fìlà rẹ̀ yẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó tó mi yọjú lójú fèrèsé. Mi ò mọ ìkankan nínú wọn, àyà mi sì ń já fún wọn bí ẹni pé ọmọ ìyá mi ni wọ́n. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n ṣe kíá." Bàbá mi di ọrùn ọwọ́ mi mú. Wọn ò fi í sílẹ̀ mọ́ títí a fi dé Ìbàdàn.

Wọ́n ti kírun àìlá tán kí a tó dé ìlú náà. Ibùdókọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ewúrẹ́ mẹ́ta sùn sáàárín ojú irin. Bàbá arúgbó náà wà lórí eékún lábẹ́ bẹ́ǹṣì, láìdé fìlà, wọ́n ń fi ọwọ̀ gbá abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti da gbogbo ohun tó wà nínú àpótí pákó wọn sílẹ̀. Mo já ọwọ́ mi gbà lọ́wọ́ bàbá mi, mo sáré, mo kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́, mo na idẹ náà sí wọn. Ẹkún ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dáadáa. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo rò pé ẹ fún mi ni. Ṣé ọkọ̀ náà ti kọjá?"

Wọ́n gbà á. Wọ́n fi ẹ̀wù wọn nù ún. Wọ́n gbójú sókè wo bàbá mi, bàbá mi tẹrí ba, wọ́n sì kí wọn, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni bàbá arúgbó náà dìde, wọ́n wá fìlà wọn rí, wọ́n dé e. Wọ́n ní, "Kò tíì kọjá. O bá a, ọmọ mi. O tètè dé." Wọ́n mú mi wọ yàrá, wọ́n jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi ti kọ́kọ́rọ́ náà bọ inú àpótí pupa. Ó dún kó. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún títí oorun fi gbé mi lọ.

Ó pẹ́ kí n tó mọ òótọ́. Mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì nígbà tí ẹnì kan láti ìlú náà sọ fún mi pé ọkọ̀ ojú irin ti yé gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá tipẹ́tipẹ́, pé bàbá arúgbó yẹn kàn máa ń sọ pé ọ̀la ni yóò kọjá fún gbogbo ẹni tó bá béèrè. Inú bí mi. Mo gba oko lọ láti bá bàbá mi. "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ nígbà náà ni?"

Wọn ò tiẹ̀ dúró lẹ́nu ebè tí wọ́n ń kọ. "Mo mọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, a máa ń kó ẹrù gba ibẹ̀. Koríko ti bo ojú irin yẹn kí wọ́n tó bí ọ."

"Kí ló dé tí ẹ wá fi ọjọ́ ọjà sílẹ̀, tí ẹ gbé mi lọ?"

Wọ́n na ẹ̀yìn wọn, wọ́n fi ọkọ́ tilẹ̀. "Ìwọ ò mọ̀. Lójú tìẹ, èèyàn wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ní kó o lọ jókòó jẹ́ẹ́, wàá jókòó. Mi ò fẹ́ kí ó mọ́ ọ lára."

Bàbá mi ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Èmi náà ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún, tíṣà ni mí ní Ṣakí, àwọn ọmọ mi máa ń sọ pé ẹ̀rù mi ti pọ̀ jù. Wọn ò mọ̀ pé ó ti kéré. Àwọn ọmọ mi ni mò ń bẹ̀rù fún, àti ẹ̀jẹ̀ ríru mi, àti fóònù mi bí mo bá wà láàárín èrò. Ẹ̀rù náà ti yà kúrò lórí àwọn tí mi ò mọ̀. Mi ò mọ ọjọ́ tó yà.

Nígbà òjò tó kọjá yìí, mò ń lọ kí ìyá mi ní Ìwéré-Ilé. Níbi kọ́nà kan, àgbàrá ti gé ìdajì títì lọ, kòtò náà jìn tó kànga, igbó sì bò ó, èèyàn ò lè rí i títí yóò fi dé orí rẹ̀. Dírẹ́bà wa ya bàrá, gbogbo wa pariwo, a kọjá. Ó yẹ ká dúró ṣẹ́ ewé sójú ọ̀nà fún àwọn tó ń bọ̀, gbogbo wa ló mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo ṣí ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀. Mo wo aago, oòrùn ti ń wọ̀, mo pa ẹnu mi dé. Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀sì kan fi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń lọ síhà ibi tí a ti ń bọ̀, eré ló ń sá, ó sì kún fún èrò. Mo rí ojú wọn.

Ojú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ rí yẹn ń tì mí. Mo délé ìyá mi, mo jẹun yó, mo sùn. Títí di òní, mi ò tíì bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá bọ́ọ̀sì náà délé.